Jòjòló Fẹ́ Jẹ Bàbá Ìjọ

Ẹni tó bá pàdé Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún Adéníran láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Surulere, tó ní òun ò bẹ̀rù rẹ̀, irọ́ ló ń pa, ẹ má gbà á gbọ́. Ọkùnrin náà ga, ó sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ tábìlì nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ni ní ilé-ìwé girama kan níbẹ̀. Tó bá húkọ́ nísàlẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á ti máa ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú ṣòkòtò. Àwọn tíṣà gan-an, tí wọ́n bá ti gbúròó bàtà rẹ̀, fóònù ń wọ àpò ni.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni Jòjòló.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọwọ́ là ń pè ní jòjòló, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì le, tí èèyàn ń gbé bí ẹni gbé ẹyin. Orúkọ náà yẹ Túbọ̀sún gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n fún un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ dàgbà, orúkọ ò dàgbà. Ọkùnrin ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó ti bímọ, ó ti lọ́mọ-ọmọ, ó ti yọ ikùn, Jòjòló ṣì ni.

Ìyá Ọmọ́níkẹ́, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, ló fún un lórúkọ yìí. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ilé ẹbí wọn ní Aláàgòmejì ní Yaba. Màmá wà nísàlẹ̀, Túbọ̀sún àti Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà lókè. Ẹ̀yin náà kúkú mọ àṣà. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Ọkọ rẹ̀ ni. Á fún un lórúkọ tó dùn, á kúnlẹ̀ kí i, á sì máa fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Ọmọ́níkẹ́ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ ń ké, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ kan tí kì í tẹ orúnkún náà fún Túbọ̀sún. "Jòjòló ọkọ mi, ṣé ẹ jíire?" Tí wọ́n bá se ọbẹ̀, orí ẹja, ti Jòjòló ni. Tí ìpàdé ẹbí bá wáyé, tí Jòjòló bá ti la ẹnu, màmá á ní, "Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀, ó parí." Túbọ̀sún ń jẹ orí ẹja, ó ń gba ìkúnlẹ̀, kò fìgbà kan rò ó pé inú orúkọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Òun rò pé ìwà rere òun ni.

Orúkọ náà ì bá jókòó jẹ́ẹ́ sílé, ká ní kì í ṣe ti ìkọ́kọrẹ́. Ní táàmù tó kọjá, Túbọ̀sún sáré jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹun. Màmá, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́, ó bù ú sínú kúlà, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Surulere. Ó bá Ṣàíbù lẹ́nu géètì, Ṣàíbù tó ń ṣọ́ géètì, tí kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ bá mi pe Jòjòló."

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Kíláàsì wo ló wà?"

"Kíláàsì kẹ̀? Kò sí kíláàsì tí kì í dé."

Ṣàíbù rò pé ọmọ tó ń sá kiri ni. Ó mi orí. "Báwo ló ṣe rí, màmá?"

"Ó sanra dáadáa. Kì í jẹ oúnjẹ tó bá ti tutù. Tí ebi bá ń pa á báyìí, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa dijú mọ́ èèyàn."

"Ó mà ṣe o. Ṣé ó máa ń sunkún?"

"Tẹ́lẹ̀ rí. Ó ti jáwọ́."

Àánú ṣe Ṣàíbù. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Mìs Christabel, tíṣà tó ń bójú tó máíkì. Mìs Christabel náà, ọlọ́kàn tútù, gbé máíkì sẹ́nu, ó fi ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún sọ̀rọ̀ kí gbogbo ilé-ìwé lè gbọ́: "Jòjòló, Jòjòló, níbikíbi tó o bá wà, màmá ẹ ti gbé oúnjẹ dé. Jáde wá sí géètì. Má bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni ò ní nà ẹ́."

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ni Túbọ̀sún wà. Ọmọ kan dúró níwájú rẹ̀, ó ń bá a wí nítorí pé ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Orí-Ẹ̀bà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni kó o máa pè é," ni ohùn Mìs Christabel wọlé. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti pa dé. Kò jáde. Ta ni yóò jáde? Ó rò pé tí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lọ. Mìs Christabel tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó fi kún un pé kò sóhun tó ń jẹ́ ìtìjú níbẹ̀. Ìgbà tí màmá rí i pé ìkọ́kọrẹ́ fẹ́ tutù, ó gbé kúlà, ó gba àárín pápá kọjá, gbogbo ọmọ yọrí lójú fèrèsé. Ó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ gbì. "Jòjòló ọkọ mi, ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti ń pè yín tipẹ́!"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó pe orúkọ yẹn lójú rẹ̀, wọn ò tíì ya wèrè. Ṣùgbọ́n tó bá ti kẹ́yìn sí wọn, á máa gbọ́ "jò, jò, jò" káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni pé àdàbà ti gba ilé-ìwé. Tó bá yíjú padà, gbogbo wọn á máa wo ìwé.

Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó gbé ọkùnrin lọ́kàn sókè ni pé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Yaba, Áńgílíkà ògbólógbòó, ti yàn án láti jẹ Bàbá Ìjọ. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fojú sí oyè náà. Bàbá rẹ̀ kú láìjẹ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tí wọ́n bá wọ èèyàn láṣọ oyè tán, àwọn ìyàwó ẹbí rẹ̀ á dìde, wọ́n á fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé kí i. Ohun tí wọ́n bá fi kí i lọ́jọ́ náà ti di tirẹ̀ títí ayé nìyẹn. Bàbá Ìjọ tó jẹ kẹ́yìn, lọ́yà gidi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi Ẹlẹ́ẹ̀kẹ́ Rọ̀bọ̀tọ̀ kí i. Títí ó fi wọ káà ilẹ̀, Bàbá Ìjọ Ẹlẹ́ẹ̀kẹ́ Rọ̀bọ̀tọ̀ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì ti lẹ̀ mọ́ eyín látọjọ́ pípẹ́.

"Bàbá Ìjọ Jòjòló," ni Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tó fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ nídìí tíì àárọ̀. Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. "Dádì, ó mà dùn o!"

"Mojí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín."

"N ò rẹ́rìn-ín," ló wí, tíì sì ń gba imú rẹ̀ jáde. "Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ bá màmá, kẹ́ ẹ fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́. Èmi ò sí níbẹ̀ o."

Ó sọ̀kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá Ọmọ́níkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lójú ilẹ̀kùn, ó gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ etí. Bó ṣe rí i, orúnkún ti ń wá ilẹ̀.

"Jòjòló ọkọ mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ gbọ́, ṣé ẹ rí i pé mo ti dàgbà?"

"Mo rí i. Ẹ ti sanra pàápàá. Mo ní kí Mojí dín iyán kù."

"Ẹ̀ẹ́n. Ẹní bá fojú àná wòkú, màmá, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ."

"Ẹ má pòwe fún mi, ọkọ mi. Ẹ sọ ohun tó ń jẹ yín lára."

Ó sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má pe òun ní Jòjòló mọ́, pàápàá jù lọ lọ́jọ́ ìwúyè. Màmá gbọ́ ọ títí, ó ń fi ọwọ́ kan ju òkúta ẹ̀wà síta.

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Ẹ pè mí ní Túbọ̀sún. Orúkọ mi ni."

Abọ́ ẹ̀wà dà nù. "Háà! Kí n la ẹnu yìí, kí n pe ọkọ mi lórúkọ? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní bàbá mi ò kọ́ mi ni? Túfíàkàlẹ̀!"

"Ẹ pè mí ní Bàbá Ìjọ nígbà náà."

"Ìjọ ló ń pe Bàbá Ìjọ. Èmi kì í ṣe ìjọ, ìyàwó yín ni mí." Ó ti ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀, inú ń bí i. "Ẹni tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí mo wọlé yìí, tó bá di gómìnà, orúkọ rẹ̀ ni màá pè, màá sì rán an ní ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, mo bá yín nílé. Orí ẹní lẹ wà. Wọ́n ní, 'Ìyàwó, ọkọ ẹ kékeré rèé, kúnlẹ̀ kí i.' Mo kúnlẹ̀, mo gbé yín, ẹ tọ̀ sí aṣọ ìyàwó mi. Mo ní, 'Ẹ kú ilé, Jòjòló ọkọ mi.' Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀."

Túbọ̀sún ń gun àtẹ̀gùn lọ, ọ̀rọ̀ kan sì ń gùn ún lọ́kàn. Mo bá yín nílé. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, tó máa ń ṣàwàdà pé, "Ọjọ́ tí mo ń rọbí ẹ, ariwo ìyàwó ò jẹ́ kí n gbọ́ igbe ara mi." Ó dúró láàárín àtẹ̀gùn. Ariwo ìyàwó wo? Ìyàwó ta ni? Àbí òun kọ́ ló ṣáájú dé?

Yàtọ̀ sí màmá fúnra rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ tó ṣì wà láyé ni Àǹtí Hilda, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Surulere. Lọ́jọ́ kejì, bí ilé-ìwé ṣe parí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà lọ. Arábìnrin náà ò lọ́ ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ìyàwó ló ṣáájú ẹ, ṣé o fẹ́ bá mi jiyàn ni? Èmi ni mo gbé omi kaná fún ìbí ẹ. Ìyàwó dé nírọ̀lẹ́, wọ́n fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi tútù ti tán nílé. Wọ́n wá bu omi ìbímọ mi! Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó ní, 'Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n-ẹ́n, ilé yìí mà mọ èèyàn tọ́jú o.' Wọ́n gbé e wọ yàrá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ lo tó ké, ìyàwó ti sùn lọ fọnfọn; ìgbà tó jí ni wọ́n tó gbé ẹ hàn án, bí ẹni tó ti wà nílé tipẹ́."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi sọ fún un pé ó bá mi nílé?"

Àǹtí Hilda bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá fọ ìlẹ̀dí ẹ? Ó ti rẹ àwọn ìyàwó tó wà nílẹ̀. Tí ìyàwó bá mọ̀ pé òun ṣáájú ọmọ, á na ẹsẹ̀, á máa wò ó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ rẹ̀, á pọ̀n ọ́n, á fọṣọ rẹ̀, á sì máa kúnlẹ̀ fún un. Wọ́n dọ́gbọ́n sí i ni. Wọ́n ní kí gbogbo wa pa ẹnu mọ́, èmi náà sì pa á mọ́, torí n ò fẹ́ fọ ìlẹ̀dí."

Inú Túbọ̀sún dùn débi pé ó fò sókè, àga Àǹtí Hilda sì ké. Ó rí i! Òun kì í ṣe ọkọ màmá! Màmá lè pe òun ní Túbọ̀sún!

"Àǹtí, ẹ wọ bàtà. Ẹ wá bá mi sọ ọ́ lójú wọn."

Àǹtí Hilda wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Túbọ̀sún, ṣé o ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa?"

Ó ní òun ti rò ó. Irọ́ ni. Ohun tójú ń wá lojú ń rí.

Ìyá Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n wọlé, nítorí ọkọ rẹ̀ ni Àǹtí Hilda náà, Ìbàdíàràn ló ń pè é. Ibi ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tí Àǹtí Hilda fi rọ́ gbogbo rẹ̀, omi wọ́ọ́rọ́, ìlẹ̀dí, gbogbo ẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó tọrọ àforíjì. Rédíò ń polówó oògùn aràn lọ ní tirẹ̀.

Màmá fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ká ọwọ́ sórí.

"Yéè! Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí! Ilẹ̀ á lanu fún yín níbi tẹ́ ẹ sùn sí! Mo fọ ìlẹ̀dí bí ẹrúbìnrin! Ọmọ náà sì ń ṣu, ẹ̀yin èèyàn, ó ń ṣu bí ẹni gbowó iṣẹ́!"

Ó rìn lọ síbi àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àga tó máa ń nù sílẹ̀ de Jòjòló lójoojúmọ́. Ó jókòó sínú rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Túbọ̀sún."

Inú ọkùnrin náà tutù bí omi àmù. Ó ti gbọ́ ọ! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá."

"Túbọ̀sún, ṣé o rí àgbà, o dúró gbọin bí òpó iná? Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo Àǹtí Hilda, Àǹtí Hilda ń wo àjà. Igbákejì ọ̀gá wá dọ̀bálẹ̀.

"Kò dáa. Ikùn ẹ nìkan ló kanlẹ̀, àyà ẹ wà lókè. Dìde, tún dọ̀bálẹ̀."

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ṣe é títí tí àyà fi kanlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ má bi mí léèrè. Orí ẹja kúrò lábọ́ Túbọ̀sún, ó di ìrù. Tí màmá bá nílò nǹkan, ojú fèrèsé ló ti ń pariwo, gbogbo Aláàgòmejì á gbọ́: "Túbọ̀sún! Túbọ̀sún o! Ṣé o ti kú ni? Sáré lọ ra bátìrì rédíò wá!" Á sáré. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ó ṣe kòńgẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ mélòó kan, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì bá a gbé ìgbálẹ̀. Ní ìpàdé ẹbí lórí ètò ìwúyè, ó ní ìrẹsì díndín ló wu òun. Màmá ní, "Ta ló bi ẹ́? Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀." Wọ́n kọ ẹ̀bà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pè yín lórúkọ," ni Mojísọ́lá wí, "wọ́n sì ń pè é. Wọ́n ń pè é dáadáa."

Gbogbo ìyẹn, ó ń fara dà á. Ohun tó kọ́kọ́ dùn ún dé eegun ni ti ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìkọ́kọrẹ́ nílé yẹn, láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti yọ. Ó sọ̀kalẹ̀, kò gbọ́ òórùn kankan. Màmá jókòó sínú àga, ó ń gbọ́ rédíò.

"Màmá, ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́?"

"Ọkọ mi ni mò ń sè é fún." Kò bínú, ó kàn sọ ọ́. "Ṣé o rí ọkọ mi níhìn-ín?"

Túbọ̀sún gun àtẹ̀gùn padà, ó jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àìkú ìwúyè pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kan tó ń gbé ní Yaba jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn wá yẹ́ sà sí. Ìyá Ọmọ́níkẹ́ wà ní ìjókòó iwájú pátápátá, ó so gèlè gíga, ó gbé báàgì sórí itan. Ìyá Ìjọ ni Fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì náà, kọ́kọ́ wọ̀ láṣọ, Ìyáàfin Glory, obìnrin tíńtín kan. Àmín kò tíì tán lẹ́nu Fíkà tí àwọn ìyàwó ẹbí rẹ̀ fi dìde tí wọ́n ń pariwo, "Awẹ́lẹ́wà! Awẹ́lẹ́wà wa!" Wọ́n ń fò, wọ́n ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kó lè gba orí rẹ̀ kọjá. Obìnrin tíńtín náà ga lójú gbogbo èèyàn.

Ó kan Túbọ̀sún. Fíkà wọ̀ ọ́ láṣọ pupa olówùú wúrà, ó gbé fìlà lé e lórí, ó ní, "Bàbá Ìjọ wa, Túbọ̀sún Adéníran." Èèyàn pàtẹ́wọ́, irú àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ìkéde. Ó yíjú sí iwájú, ó dúró. Mojísọ́lá ń wo màmá. Gbogbo ìyàwó ilé ń wo màmá, nítorí òun ni àgbà wọn, kò sí ẹni tó lè ṣáájú rẹ̀ lanu.

Màmá la ẹnu. Túbọ̀sún na ọrùn.

"Túbọ̀sún, rọra, wàá tẹ aṣọ yẹn mọ́lẹ̀."

Ó tán. Ó padà di báàgì rẹ̀ mú.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe dun ọkùnrin yẹn. Ó dúró síbẹ̀ nínú aṣọ tó ti ń fẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, omi sì lé sí i lójú. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú. Gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, irùngbọ̀n ni wọ́n bá lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń wò ó tó ń rí ọmọ ọwọ́, Túbọ̀sún fúnra rẹ̀ ló sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí Surulere, tó lọ wá ẹ̀rí wá bá a wí. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Ló bá sọ̀kalẹ̀. Fíkà ní, "Bàbá Ìjọ, ìbùkún ló kù o." Kò gbọ́. Ó rìn dé iwájú Ìyá Ọmọ́níkẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ oyè, àyà kanlẹ̀, ikùn kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ pè mí."

"Túbọ̀sún."

"Ìyẹn kọ́."

"Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún."

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n."

Màmá fi ọwọ́ ká etí. "N ò mọ èyí tó o wí. Ìwọ lo ní kí n má pè é. Kí lorúkọ ọ̀hún?"

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Màmá ní òun ò gbọ́, etí òun ti di. Ó tún un sọ. Màmá ní ṣé kòkòrò ló ń sọ̀rọ̀ ni. Túbọ̀sún gbé orí sókè, ó fi ohùn tábìlì rẹ̀ yẹn, ohùn tó ń mú kí odidi ilé-ìwé ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, ó ké é:

"JÒJÒLÓ! Jòjòló ni wọ́n ń pè mí!"

Fíkà ti tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́. Ohùn náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, ó dé títì. Lẹ́yìn, àwọn ọmọ ilé-ìwé di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú.

Ìyá Ọmọ́níkẹ́ gbé báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbọ́. N ò lè purọ́ nílé Ọlọ́run. Ìwọ kì í ṣe ọkọ mi. Ìbàdíàràn ti jẹ́rìí, ó sì ti tán."

Túbọ̀sún gbé iwájú orí lé ilẹ̀. "Mo gbọ́, màmá."

Ó gbọ́ tí orúnkún ń ké. Màmá ti dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, fìlà oyè sì yí lọ sábẹ́ ìjókòó.

"Wọ́n purọ́ fún mi pé ọkọ mi ni ẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lè purọ́ fún ẹ̀yìn mi. Ta ló pọ̀n ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta lo tọ̀ sí lára?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

Ìyá Ọmọ́níkẹ́ nàró. Ó ju gèlè sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ ò ní gbà pé arúgbó ni. "Jòjòló! Jòjòló ọmọ mi! Ọmọ tó fi ìtọ̀ kí mi káàbọ̀ sílé ọkọ! Ẹ bá mi kí Jòjòló!" Mojísọ́lá fò dìde, gbogbo ìyàwó ilé fò dìde, àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn tí wọn ò jẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí wá ráyè sọ ọ́ gbàgàdà, Fíkà pàápàá sọ ọ́ nínú ìbùkún. Túbọ̀sún dìde nílẹ̀, eruku lójú, omi lójú, ó ń rẹ́rìn-ín gbogbo eyín. Títí di òní, Bàbá Ìjọ Jòjòló ni, ẹ béèrè ní Yaba.

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn èèyàn ń fà á síbí, wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, wọ́n fẹ́ bá a ya fọ́tò. Màmá gba àárín wọn kọjá, ó ti báàgì sí i láyà.

"Jòjòló, gbé e, ká máa lọ sílé. Mo ti bẹ ewùrà sínú omi láti ìdájí."

Bàbá Ìjọ gbé báàgì, ó tẹ̀ lé e.